Ẹni Tó Kọ Ọ́ Ṣì Wà Láàyè

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Akọ̀wé pín àwọn ọ̀rọ̀ tó kù lábẹ́ B láàárọ̀ yìí. Ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń gbé káàdì síwájú kálukú. Nígbà tó kan "bàbá", ó kọ́kọ́ wojú ọ̀gá. Ọ̀gá wo àjà. Àwọn tó ń kọ nǹkan dáwọ́ dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ló bá rọra fi káàdì náà síwájú mi, ó sì yára kúrò níbẹ̀.

Ìkọ̀wé bàbá mi ló wà lára káàdì yẹn. Òun ló dá ilé iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè yìí sílẹ̀, òun ló sì kọ orírun ọ̀rọ̀ náà ní ogójì ọdún sẹ́yìn: "Ọ̀dọ̀ wa ni ó ti jáde. Gbogbo èdè tó kù tó ń lò ó, ọwọ́ wa ni wọ́n ti yá a." Gbólóhùn méjì yìí ló sọ ọ́ di olókìkí. Wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn ọmọdé àdúgbò ò mọ orúkọ mìíràn fún un ju Bàbá Gbogbo Èdè lọ.

Irọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé irọ́ ni, gbogbo ẹni tó ń wo ilẹ̀ nínú yàrá yẹn náà sì mọ̀. Wọ́n ṣáà fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni yóò ti bọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kẹfà

Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ-Má-Bínú là ń pè é lẹ́yìn, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó sọ ohunkóhun tó lè bí ènìyàn nínú. Ọmọ iléèwé bàbá mi ni nígbà kan.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé kò ní dáa ká fi 'bàbá' sílẹ̀ bó ṣe wà? Ẹ ṣáà mọ òfin ilé wa. Tí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ bá ṣì wà láàyè, àfi kó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ ká tó lè yí i padà. Tó bá wá di ọjọ́ mìíràn, káàdì á di ti gbogbo ilé, ẹ ó wá ṣe é bó ṣe wù yín."

"Ọjọ́ mìíràn wo, sà?"

"Ẹ ṣáà mọ̀."

"Mi ò mọ̀. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má bínú. Mo bínú. Mo bínú débi pé mo gbàgbé báàgì mi sórí àga rẹ̀, mi ò sì lè padà lọ gbé e. Ó fẹ́ kí n máa dúró de ikú bàbá mi bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, kí ìwé lè gún régé. Ilé kan náà ni èmi àti bàbá mi ń gbé. Èmi ni mò ń po oògùn rẹ̀.

Mo ti pinnu. Bàbá mi máa fọwọ́ sí i, ó sì máa wà láàyè nígbà tó bá ń fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹfà

Mo sọ fún un nídìí fèrèsé, ibi tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé àpótí.

"Bàbá, èmi ni wọ́n fún ní 'bàbá' ní ọ́fíìsì."

"O kú oríire. Kò síṣẹ́ lára ẹ̀. Mo ti ṣe é tán."

Mo ní, "Òótọ́ ni pé àwọn ará Tọ́kì ń pe bàbá bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ṣáínà náà ń pè é, àwọn tó ń sọ Swàhílì náà ń pè é. Ṣùgbọ́n ní Rọ́ṣíà, ìyá àgbà ló ń jẹ́ 'baba'. Ní Jàpáànù, arúgbó obìnrin ni. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ wa ni wọ́n ti yá a, báwo ló ṣe di obìnrin lójú ọ̀nà?"

"Bóyá òtútù ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú sì ń bí mi pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ní, "Ní Jọ́jíà, bàbá gan-an ni wọ́n ń pè ní 'mama'."

"Àwọn yẹn ò fara balẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yá a. Bá mi gbé rédíò wá."

Mo gbé rédíò fún un. Ó yí i sókè títí ìròyìn fi parí, kí n má baà ráyè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Bébà ti gbówó lórí sí i. Atẹ̀wé ní tí iṣẹ́ wa ò bá tíì dé ọwọ́ òun ní àárín oṣù tó ń bọ̀, òun máa gba ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹfà

Ìyàwó tó ń gbé yàrá iwájú gbé ọmọ rẹ̀ fún wa mú kó lè sáré fọ aṣọ. Bàbá gbé e lé itan. Ọmọ ní, "Bababa." Bàbá mi wò mí bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ṣé o gbọ́? Ta ló kọ́ ọ?"

Kò tíì panu dé tí ọmọ fi kọjú sí bàtà tó wà nílẹ̀, ó ní, "Bababa." Ó rí ìgbálẹ̀, ó ní, "Bababa." Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, òun náà gba tiẹ̀.

"Ẹ rí i, Bàbá? Ètè ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́ràn sí ọmọ lẹ́nu. Gbogbo ọmọ tó wà láyé ló ń sọ ọ́ kí wọ́n tó mọ ẹnikẹ́ni. Àgbà tó bá wà nítòsí ló máa ń rò pé òun ni wọ́n ń pè. Níbì kan, bàbá ló wà nítòsí. Níbòmíràn, ìyá àgbà ni. Kò sẹ́ni tó yá a lọ́wọ́ ẹnì kankan."

"Nítorí náà ọmọ yìí ò pè mí?"

"Kò pè yín, sà."

Ó nawọ́ ọmọ sí ìyá rẹ̀. "Ìyá ọmọ, gba ọmọ rẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí ní ọmọ náà kò mọ̀ mí rí."

Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Bàbá di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti jàre, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nígbà tó ń wọlé kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Kí ló dé tí ènìyàn ò fi lè jàre bàbá rẹ̀ kó sì sùn dáadáa?

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé lánàá. Mọ́tò ló ń tà, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì ń sọ bí ẹni ń ta mọ́tò. Ó fà mí lọ sẹ́yìnkùlé.

"Kí ló ń lé ọ gan-an? Ọ̀gá yín ti pè mí. Bàbá ti dàgbà, jẹ́ kó lo èyí tó kù nínú iyì. Tó bá ti lọ tán, kọ ohun tó bá wù ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́nu. Tí mo bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣé mi ò ní máa wojú ẹ̀ láràárọ̀ tí mo bá gbé tíì fún un, kí n máa wò ó bóyá ọ̀nà iṣẹ́ mi ti ń là? Ta ló lè máa gbé inú ilé bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ ti le jù. Ọ̀rọ̀ kan péré nínú ìwé."

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ̀yin ni ẹ ní kí ó dúró de òkú ènìyàn."

Ó ní ìwé ti dà mí lórí rú. Mo ní tirẹ̀ kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá láti dàrú. Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti kékeré. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ohùn Bàbá láti ojú fèrèsé lókè orí wa.

"Ẹ̀yin méjèèjì. Tí ẹ bá ti pín òkú mi tán, kí ẹnì kan bá mi gbé omi wá."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín tí kò dé ọ̀fun, ó sáré gbé omi. Èmi ò lè wọlé. Mo dúró sídìí okùn aṣọ, mò ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹfà

Kò fẹnu kan oúnjẹ mi. Ó jẹ èyí tí ìyá ọmọ gbé wá láti yàrá iwájú, ó sì yìn ín sókè kí n lè gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù Kẹfà

Mo kọ ọ́ tuntun. Ó gba gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí. Ìdajì ohun tí mo kọ ló jẹ́ ìbínú, mo sì ń fa igi lé e. Ohun tó kù rèé:

"Bàbá: ọkùnrin tó bíni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò. Irú rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ èdè tí kò bára tan, torí pé ibẹ̀ ni ètè ọmọ ọwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo; àwọn àgbà ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún un ní ìtumọ̀."

Akọ̀wé kà á. Ó ní ó mọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa fọwọ́ sí i? Mo ní kó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́rú, 26 oṣù Kẹfà

Mò ń bá a gé èékánná ẹsẹ̀ láàárọ̀ yìí, torí kò tíì bínú dé ibi tí yóò fi gé e fúnra rẹ̀. Ó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ sí fèrèsé.

"Olùkọ́ kan wà nílé ẹ̀kọ́ gíga tí mo lọ, àlejò láti òkè òkun ni. Ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ wa sí pátákó, ó ń fa ìlà sábẹ́ wọn. Àyálò nìyí, àyálò nìyí. Ó dé orí 'bàbá'. Ó ní èdè wa tálákà débi pé a ò ní ohun tí a ó pe ẹni tó bí wa, ó ní ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń kọjá la ti yá a. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo bá wọn rẹ́rìn-ín."

Mo dá bíléèdì dúró.

"Mo lọ sílé lásìkò ìsinmi. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu mi ò lè pè é. 'Sà' ni mò ń pè é títí ìsinmi fi parí. Ọjọ́ tí mò ń padà lọ, ó sìn mí dé ibi ọkọ̀. Ó ní, 'Kí ni mo ṣe fún ọ?' Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọkọ̀ gbéra. Kò pẹ́ sígbà náà ló kú." Ó fẹsẹ̀ tì mí lọ́wọ́ díẹ̀. "Wọ́n ní a yá a. Èmi náà wá ní ọwọ́ wa ni wọ́n ti yá a. Gé e tán, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Mo gé e tán. Mi ò lè ṣe ohunkóhun ní ọ́fíìsì lónìí. Gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń bá olùkọ́ tí mi ò rí rí jà lórí tábìlì mi, mò ń fún un lésì tó yẹ kí ẹnì kan ti fún un nígbà náà. Ó ti kú tipẹ́. Ẹni tó dá irú ọgbẹ́ báyìí síni lára, tó wá lọ kú sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ibo ni ènìyàn ti fẹ́ bá a?

Síbẹ̀, ohun tí bàbá mi kọ kò di òótọ́ nítorí pé ó dùn ún.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Keje

Mo ka tuntun náà fún un. Ó di ojú títí mo fi kà á tán.

"Nítorí náà, kò sẹ́ni tó borí."

"Kò sí, sà."

"Gbogbo ìjà tí mo jà látọjọ́ yìí, ọ̀mì ni?"

"Kì í ṣe ọ̀mì, Bàbá. Olùkọ́ yẹn purọ́. Ẹ̀yin náà wá fi irọ́ dá a lóhùn."

"O pè mí ní òpùrọ́."

"Irọ́ lẹ pa, sà." Mo ṣáà ń sọ ọ́ lọ. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Tèmi ti lọ fún ogójì. Òtítọ́ tìrẹ ń rìn bí ìgbín."

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n lọ gbé káàdì náà fún ẹ̀gbọ́n mi, kó bá mi tà á pọ̀ mọ́ mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Keje

Ó ti sú mi. Mo sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n fi ti Bàbá sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sì yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé náà pátápátá, látorí A títí dé òpin. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́rọ̀." Tí kì í bá ṣe ojú àwọn ènìyàn, ǹ bá ti gé e jẹ.

Mi ò sọ nílé. Bàbá ń wojú mi, mi ò sì wo tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Keje

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí kí n tó gbàgbé bó ṣe lọ.

Ọ̀gá wá kí Bàbá lọ́sàn-án yìí, ó gbé èso àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ṣí ọtí fún un, mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"A wá dúpẹ́ ni, sà. Ẹnì kan fẹ́ ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́." Kò wò mí. "Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ náà la máa tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ayé ló yá a lọ́wọ́ wa."

Bàbá ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Sà?"

"Pé wọ́n yá a lọ́wọ́ wa. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà."

"Yàtọ̀ sí èmi."

Ọ̀gá gbé ọtí sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ta lèmi tí mo fẹ́ máa wádìí yín, sà?"

"Nígbà tí mò ń kọ́ ọ, kí ni mo kọ́ ọ?"

"Pé... pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ẹlẹ́rìí méjì, a ò gbọdọ̀ gbé e sínú ìwé."

"Ẹlẹ́rìí mélòó lo bá nídìí èyí?"

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu apá àga, kò yára, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.

"Láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́ ni mo ti ń retí kí ẹnì kan nínú yín dìde, kó ní, sà, ibo lẹ ti rí i? Àtẹ́wọ́ lẹ ń pa. Ẹ gbé e wọ iléèwé. Mo ní, ó dáa, wọn ò gbọ́n, a ó máa wò ó. Ọmọ mi yìí nìkan ló bi mí. Ẹ sì ní kó dúró kí n kú ná."

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo bínú. Ìwọ, gbé káàdì yẹn wá."

Mo gbé káàdì tuntun náà wá, tòun ti bírò. Bírò kọ́kọ́ yẹ̀ kúrò lórí káàdì. Mo nawọ́ láti bá a dì í mú, ó gbá mi lọ́wọ́. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ sí i tán, ó sì rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó tì í sí ọ̀gá. Ó ní kó mu ọtí rẹ̀ tán kó máa lọ.

Mo sin ọ̀gá dé géètì. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣòótọ́, mà." Mo bi í léèrè kí ló dé tí kò wá sọ. Ó ní, "Òun ló kọ́ mi níwèé." Ìdáhùn yẹn bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ, torí pé ó yé mi.

Nígbà tí mo wọlé, Bàbá ní, "Má rò pé o borí mi." Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀, sà.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Keje

Iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Wọ́n ti dá orúkọ mi padà. Kí wọ́n tó dì í ni mo rí i pé akọ̀wé ti yọ orúkọ Bàbá kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó fi tèmi síbẹ̀. Mo ní kó dá a padà. Ó ní òfin ni, ẹni tó kọ tuntun ló ni ín, wọn kì í kọ orúkọ méjì. Mo ní òfin burúkú wo nìyẹn. Ó ní bàbá yín ló ṣe é, mà.

Mo jà. Mo jà títí ọ̀gá fi jáde síta. Wọ́n di ẹrù, wọ́n sì gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì gbé bírò fún un. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù Kẹjọ

Atẹ̀wé fi ojú ewé B ránṣẹ́. Mo fẹ́ fi pamọ́, ṣùgbọ́n Bàbá ti rí i lọ́wọ́ mi. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ sísàlẹ̀ títí ó fi dé ibẹ̀. Ìka náà dúró sórí orúkọ mi.

"Wọ́n ti yọ mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo bá wọn jà."

"Ìjà kí ni? Òfin mi ni."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. "Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i."

"Ta ló ṣe òfin?"

Inú bí mi sí i débi pé omi lé sí mi lójú. Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa fi pamọ́ fún un bí olè. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹkún yìí lò bá ti máa sun, a ò sì ní ráyè ṣiṣẹ́. Kà á. Ojú mi ò ríran dáadáa."

Awò ojú rẹ̀ wà lójú rẹ̀. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò", ó gbé ọwọ́ sókè.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Mo tún un kà.

"Gbé ohùn sókè," ó ní. "Bàbá mi ò gbọ́ràn dáadáa níbi tó wà."

Mo gbé ohùn mi sókè.